Ọ̀pá Ìwọnmi Létí Kúdẹtì

Ọ̀pá tí mo kùn ní funfun àti pupa,
tí mo rì mọ́ ẹsẹ̀ afárá Kúdẹtì lọ́jọ́ Àìkú,
àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ lórúkọ:
Ìyàwó Bàbá Àwàlà.
Èmi ni Bàbá Àwàlà. N kò bínú.
Àwàlà ni odò ń jẹ́ lẹ́nu àwọn Mìsìkítò,
ẹrù kan ṣoṣo tí mo gbé ti Patúkà bọ̀
tí aṣọ́bodè kò bi mí léèrè owó rẹ̀.

Ẹlẹ́yẹlé ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn omi,
omi ìjọba, omi tó mọ ààlà rẹ̀.
Wọ́n wá ní kí n lọ wọn èyí tí kò mọ̀ ọ́n,
ní Hòńdúrásì, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti dá
bí ọ̀rọ̀ ẹni tí oorun gbé lọ.
Ìbaaka ló gbé mi dé etí odò,
lẹ́yìn náà ọkọ̀ igi gbígbẹ́, tóóró bí èèpo ẹ̀wà.
Rosẹ́ńdò ló ń fi ọ̀pá tì í,
ọkùnrin kúkúrú, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ.
Odò náà kì í ṣàn, ìjà ló ń jà.
Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì,
ẹ̀fọn mu mí títí ẹ̀jẹ̀ mi fi di ọmọ ìlú wọn.
Mo gbé ẹ̀rọ ìwọnmi dání bí ẹni gbé ẹyin.
Rosẹ́ńdò wò ó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.
Ibi tí omi bá ti ń wú bí ẹ̀kọ tó ń hó,
òkúta ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.
Bí o bá rí ewé tútù tó ń kọjá pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀,
má dúró wẹ̀, má dúró jẹun,
òjò ti ń ṣe nǹkan lókè tí o kò tíì gbọ́.

Ọjọ́ kẹtàlélógún ni odò gba ẹ̀rọ náà.
Ẹ̀rọ lọ, ìwé lọ, bàtà ọ̀tún lọ.
Mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé omi náà pọ̀.
Nínú gbogbo ìwọ̀n tí mo kọ, ìyẹn ló tọ̀nà jù.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, sílé bàbá mi,
mo gbin ẹ̀fínrín sínú bàtà òsì nídìí fèrèsé.
Kúdẹtì kò tó kí Patúkà fi yọ́nu.
Ọ̀rá ló ń gbé kiri, àti taya,
ó ń yọ́ rìn bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Ṣùgbọ́n Omíyalé ṣojú mi.
Mo rí àga ìyá mi tó léfòó kọjá
tí kò dágbére.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò ṣú sápá Òkè Àrẹ̀mọ.
Lọ́dọ̀ tiwa, ìràwọ̀ ṣì wà, wọ́n ń ta dírááfù.
Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo sọ̀ kalẹ̀.
Láàárín ọ̀rá àti agolo, mo rí i:
ewé máńgòrò, tútù, pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀.
Omi kò tíì kan pupa àkọ́kọ́.
N kò dúró dè é.

Mo kanlẹ̀kùn Làmídì télọ̀.
"Bàbá, ṣé ìyàwó yín ló rán yín?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbé màṣíìnì rẹ.
Ó wo ojú mi, ẹ̀rín sá lẹ́nu rẹ̀.
Ìyá Àtóyèbí gbé ọmọ-ọmọ méjì àti rédíò.
Pásítọ̀ kékeré ní òun máa kọ́kọ́ gbàdúrà,
mo ní kó máa gbà á lọ sókè Mápó.

Nígbà tó di aago méjì, a kò rí ọ̀pá mọ́.
A jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹni tí a kò mọ̀.
Làmídì gbọ́wọ́ lé màṣíìnì rẹ̀:
"Ewé kan ṣoṣo, Bàbá?"
Kan ṣoṣo. Pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí n tó rántí bàtà òsì.