Ìwé Gbèsè Bàbá Mi

Ní Akọka, níbi tí ọ̀sà ti ń lá ẹ̀yìn yunifásítì,
wọ́n kọ́ wa pé owó kì í ṣe owó lásán.
Ó lórúkọ láàárọ̀, ó lórúkọ mìíràn lálẹ́:
owó ìdókòwò, owó tó ń yípo,
èrè tó wọlé, èrè tó kù lẹ́yìn owó orí.
Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bírò mi gbẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi ń bẹ ní Ṣómólú,
ìrìn ogún ìṣẹ́jú, bí òjò kò bá sí.
Ó dàgbà jù mí lọ. Ó máa ń wúkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́,
a ó fún un lépo, Kàsálí ọmọṣẹ́ a fọwọ́ gbá a níkùn,
nígbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti gbé bébà mì.

Àwọn olùkọ́ wa ní ọ̀rọ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀:
ìdínkù iye. Lọ́dọọdún, ẹ yọ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀
títí yóò fi di òdo.
Mo yọ ọ́ wò. Ó ti di òdo
láti ìgbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
Òdo yìí ló san owó iléèwé mi.
Òdo yìí ló ra bàtà tí mo wọ̀ wá síbí.
Ìka ọwọ́ òsì bàbá mi ńkọ́,
èyí tí ẹ̀rọ náà jẹ lọ́dún tí wọ́n bí Táófíkì,
abẹ́ ìlà wo ni a ó kọ ọ́ sí?
N kò nawọ́ sókè bi wọ́n. Ojú ń tì mí.

Lẹ́yìn Jímọ̀ ni mo máa ń bá a to ìwé gbèsè rẹ̀,
ìwé ẹlẹ́yìn pupa, ojú ewé rẹ̀ ti rọ̀ bí àkísà.
Káàdì ìgbéyàwó, igba:
ọkọ ti kọ ìyàwó, owó ṣì kù.
Ìwé ètò ìsìnkú Ìyá Àgbà Onípànù:
wọ́n ti pín ogún tán, wọn kò rántí wa.
Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta,
Dókítà Ṣówẹ̀mímọ́, Akọka. Ìdajì kù.

Dókítà Ṣówẹ̀mímọ́!
Ẹni tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣàkóso gbèsè,
láràárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ,
tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé.
Ìwé náà wà nínú báàgì mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rà á,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, owó ọwọ́, kì í tà láwìn.
Mo fà á yọ, mo gbóòórùn rẹ̀:
yíǹkì ilé wa ni.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé olùkọ́ mi lọkùnrin yìí?"
Kẹrosíìnì ló fi ń nu ọwọ́. Kò wojú mi.
"Mo mọ̀."
"Kí ló dé tí ẹ kò lọ gbowó yín?"
"Múìnátù, lọ kàwé rẹ."

Ìdánwò dé. Ìbéèrè kẹrin:
Oníbàárà kan jẹ ilé iṣẹ́ kékeré lówó fún ọdún kan.
Ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí alákòóso lè fi gba owó náà.
Ọ̀nà kìíní, mo kọ lẹ́tà. Ọ̀nà kejì, agbẹjọ́rò.
Mo wo ìta lójú fèrèsé. Apẹja kan ń tú àwọ̀n tó lọ́ pọ̀,
ó rọra ń tú u, bí ẹni ń tú irun ọmọ.
Ọ̀nà kẹta: kí alákòóso kọ́kọ́ wádìí
bóyá ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ajigbèsè.
Mo fi rúlà fàlà lé e. Mo tún un kọ sábẹ́ rẹ̀.

Mo gba mọ́kànlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Bàbá mi gbé ìwé náà súnmọ́ iná, ó wò ó tìtì,
ó ní ta ló jẹ mí ní mẹ́rin tó kù.