Ọ̀rọ̀ sí Ọmọńdinrín Mi

Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì,
ìwọ tí mo fi ń ro etí láti kékeré,
ìwọ tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ òṣìṣẹ́,
ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí,
nígbà tó ṣẹ́ ku oríkèé kan péré lára rẹ.

Nílé, a máa ń sọ pé òtútù ń mú wa.
Ọyẹ́ a mú ni ní ìdájí,
a bó ni létè, a la ni ní gìgísẹ̀,
bí oòrùn bá yọ, a tú ni sílẹ̀,
àwa náà a tún máa bá ooru jà.
Èyí tó mú mi lójú ọ̀nà Tomintoul
kò mọ̀ pé ẹni tí a mú, a máa ń tú u sílẹ̀.

Oṣù kejì ni. Aago márùn-ún ìdájí.
Màmá Morag, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
ń retí kí n wá gbé òun dìde,
kí n wọ òun ní ìbọ̀sẹ̀, kí n po ọ́ọ̀tì.
Ọkọ̀ mi yọ̀ lórí òkè, ó fi imú gún kòtò.
Yìnyín ń bọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, kò pariwo rárá.
Mo ní, "Máìlì méjì péré, ẹsẹ̀ mi ò ṣá dá."
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kí n lè tẹ fóònù,
afẹ́fẹ́ já a gbà, ó sá lọ bí ọmọ ìta.
Fóònù náà wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó dákú.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́.
O ké pè mí.
O ta mí, o jó mí, o gún mí bí abẹ́rẹ́,
mo ní kí o má yọ mí lẹ́nu.
Lẹ́yìn náà o dákẹ́,
inú mi sì dùn pé o dákẹ́.
N kò mọ̀ pé ìka tó ń ké ṣì wà láàyè.

O funfun, funfun àbẹ́là,
o le bí àgbàdo àjà.
Mo fi eyín kàn ọ́ wò: igi ni mo jẹ.
Nígbà tó yá, ooru ló wá ń mú mi!
Ooru, nínú yìnyín tó kan orúnkún!
Mo ti fa síìpù ẹ̀wù mi dé ìdodo
kí iná katakata kan tó là mí lójú.

Dougal, olùsin àgùntàn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó fa síìpù náà padà dé àgbọ̀n mi,
ó ti ọwọ́ mi bọ abíyá ara rẹ̀.
Mo ń wá àbóníkì nínú àpò kí n fi ra ọ́.
Ó ní, "Má ra á. Wàá bó o láwọ."
Mo fẹ́ kì ọ́ bọ tíì gbígbóná rẹ̀,
ó gbé ife náà sá:
"Ìka tí kò mọ òtútù lára mọ́,
báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ń jóná?"

Omi lọ́wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi jí yín ní Elgin.
Ìrora padà dé, mo bú sígbe.
Nọ́ọ̀sì ní, "Igbe gidi nìyẹn, ké e dáadáa."
Àwọn mẹ́rin jẹ́ ìpè.
Ìwọ kò jẹ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń wò ọ́,
o ń dúdú lọ bí ìdí ìkòkò,
kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ.

Ìyá mi ní Ìkìrun kò tíì mọ̀.
Bí a bá ń rí ara wa lórí fóònù,
ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń júwọ́ sí i.
Òun ló kọ́ mi pé ìka ò dọ́gba.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́,
Màmá Morag gbé ọwọ́ mi lé itan,
ó fi okùn wọ̀n ọ́, kò bi mí ní nǹkan kan.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ó fún mi ní ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn,
ó fi ọwọ́ gbígbọ̀n hun ún,
ìka mẹ́rin gùn,
ìkarùn-ún kò ju ìdérí ìgò lọ.
Ó wo ojú mi, ó ní,
"O pẹ́ lọ́jọ́ yẹn."