Sítóòfù Olójú Mẹ́fà

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé sítóòfù yìí gba òpópónà Sájẹ́ǹtì.
Ojú mẹ́fà ló ní; ojú kẹfà kì í tàn.
Ó wúwo bí gbèsè.
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ wọnú: èmi ni mo fi gbá férémù ilẹ̀kùn
lọ́dún tí yìnyín Wínípẹ́ẹ̀gì dé kí igi tó wọ́wé tán.

Iṣẹ́ mi kò lórúkọ.
Ilé oúnjẹ kú, wọ́n pè mí kí n wá kó ẹrù;
òmíràn fẹ́ bí, èmi náà ni wọ́n pè.
Agbẹ̀bí àti asìnkú nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo,
táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì ń jò.

Ọ̀dọ̀ Bárinásìn ni mo ti kọ́kọ́ rí i.
Ilé ọtí rẹ̀ ṣókùnkùn bí inú àpò.
Àwọn arúgbó ará Áísílàǹdì mẹ́ta ló kù tó ń bá a mu,
lẹ́yìn náà méjì,
lẹ́yìn náà òun nìkan, tó ń nu kóòǹtà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.
Ó ní, "Gbé e lọ. Má dárúkọ owó."
Dọ́là àkọ́kọ́ tó pa wà lára ògiri, nínú gíláàsì.
Ó yọ ọ́, ó tì í bọ àpò.
Ibi tó ti wà funfun báláú.

Manalásításì gbà á lọ́wọ́ mi ní ìkóríta kejì,
obìnrin kúkúrú, ohùn gíga, ọmọ Filipíínì
tó ti fọ abọ́ fún ẹlòmíràn fún ọdún mọ́kànlá.
Ọjọ́ tó ṣílẹ̀kùn, ìlà èrò gùn dé ibùdókọ̀
nínú òtútù tó ń bu imú jẹ.
Ọbẹ̀ àjàgbọn rẹ̀ kan débi pé ojú mi ń ṣẹ́.
Ọdún mẹ́fà.
Onílé wá fi ìdajì lé owó ilé,
ó tún fi ìdajì lé ìdajì.
N ò bi í léèrè. Alárù kì í bi ẹrù níbi tó ti ń bọ̀.
Òun ló fi àkísà nu ojú kẹfà, tó ní:
"Wọn yóò máa sọ fún ọ pé èyí bàjẹ́.
Èmi ni mo dí i.
Orí rẹ̀ ni mo ń gbé ìkòkò àwọn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ sí,
kó má tutù, kó má sì jóná.
Ooru ojú márùn-ún yòókù ti tó."

Mulugẹ́tà ará Ẹtiópíà lò ó fún ọdún kan àbọ̀.
Òórùn kọfí rẹ̀ ń dé ilé ìfọṣọ tó kọjú sí i.
Lẹ́tà kan já bọ́ lára pátákó rẹ̀ ní oṣù kejì,
kò rówó dá a padà.
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan mo rí ìwé ìròyìn lójú fèrèsé,
mo ti mọ̀ kí fóònù tó dún.
Ní àdúgbò yìí, fèrèsé ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀.

Lánàá mo gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kẹrin:
ilé Bárinásìn àtijọ́ gan-an, ọ̀dà tuntun, àga tuntun.
Ọtí ni Kólíbì àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ tà,
ife kan, dọ́là méjìdínlógún.
Wọn ò ní dáná. Òdòdó ni wọ́n fẹ́ tò sórí sítóòfù.
"Ó ní ìtàn lára," ni ìyàwó wí, ó ń fọwọ́ pa ibi tó tẹ̀,
ó wá béèrè bóyá ojú kẹfà ti bàjẹ́.
Mo ní kò bàjẹ́, ẹni tó máa pẹ́ ló ń dúró dè.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Mo gba owó mi.
Kí n tó tì í mọ́ ògiri, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà fóònù mi sẹ́yìn rẹ̀
bí mo ti máa ń ṣe,
lábẹ́ mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀.