Ẹlẹ́nu Méjì

Mùdàṣírù ọlọ́dẹ òru gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ Alámísì,
ó fi ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ wé e bí ẹni wé ọmọ jòjòló.
Òjò ti na òrùlé Òde Ajé títí ilẹ̀ fi mọ́,
páànù tó ti dógùn-ún ń kán tó, tó, tó sínú garawa wa.
Bàbá àgbà ń wo iná. Èmi ni mo ń fẹ́ ẹwìrì.
"Ẹ bá mi wò ó, Bàbá Ògúndíran.
Mo rà á lọ́wọ́ ẹnìkan lọ́nà Ìwó.
Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ mọ́ láyé."

Lóòótọ́, n kò rí irú rẹ̀ rí:
ìbọn ìléwọ́, kúkúrú bí ìdáhùn onígbèsè,
ẹnu méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ihò imú màlúù,
ohun ìfà méjì lábẹ́, tí ìka kan ṣoṣo yóò máa wá kiri nínú òkùnkùn.

"Bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì á jẹ́," ni Mùdàṣírù wí.
Bàbá àgbà kò dáhùn.
Ó ṣí ìbọn, ó yọ ọta méjèèjì, ó tò wọ́n sórí àpótí,
ó tún yọjú wo inú ihò náà lẹ́ẹ̀mejì
bí ìyá tó ń wo ẹnu ọmọ tó ní òun ti gbé oògùn mì.

Ó ní, "Na ọwọ́ rẹ."
Ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní kó dúró bẹ́ẹ̀, ká jọ máa sọ̀rọ̀.
A sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta èédú báyìí.
A sọ̀rọ̀ Ráfátù tó bí ìbejì ní Adéọ̀yọ́.
Kò pẹ́ tí ẹnu méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀,
wọ́n ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ Mùdàṣírù.

"O rí i? Irin méjì, igi kan, ọrùn-ọwọ́ kan. Ta ni yóò rù ú?
Bí ti ọ̀tún bá dún, á ta ti òsì jí,
ti òsì á ní wọ́n pe òun náà.
Àkọ́kọ́ lè bá olè. Èkejì, àjà ni yóò bá,
tàbí yàrá aládùúgbò tí kò jí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni.
Ìbọn gígùn ní èjìká tó ń gba ìbínú rẹ̀ sí.
Èyí, eyín rẹ ni yóò gbà á."

Mùdàṣírù rẹ́rìn-ín ètè lásán.
"Àbí ẹ ti dàgbà jù ni, Bàbá?"

Bàbá àgbà dojú ìbọn dé.
Nísàlẹ̀, níbi tí igi ti pàdé irin,
ilà kéékèèké mẹ́ta wà níbẹ̀.
Mo mọ ilà yẹn. Ó wà lára ọkọ́ ìyá mi,
ó wà lára ọ̀bẹ tí a fi ń bẹ iṣu nílé.

Òjò dá.
"Ọdún tí mo fẹ́ ìyá àgbà rẹ," èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, kò wo Mùdàṣírù mọ́,
"awakọ̀ kan wá. Ó ní òun fẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní.
Èmi náà sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ dé Ọjà'ba
pé Ògúndíran ló rọ ọ́.
Wọ́n yìn mí, wọ́n yìn mí.
Èmi kò yìn ín wò rí."

"Awakọ̀ náà ńkọ́?"
Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ká ìka mẹ́ta mọ́lẹ̀,
ó fi èyí tó kù hàn wá.

Ó san owó Mùdàṣírù padà, kọ́bọ̀ kò dín,
ó fi fèrè irin kan ṣe jàrà.
Mùdàṣírù ń kùn lọ. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀, a gbọ́ tó fọn ọ́ wò.

Ayùn ni a fi rẹ́ ìbọn náà títí dìrọ̀lẹ́. Kò fẹ́ já.
Ó ti rọ ọ́ dáadáa jù, ìyẹn ló dùn ún.
Ẹnu méjèèjì wà lójú fèrèsé wa báyìí,
pákò mi nínú ọ̀kan, pákò rẹ̀ nínú èkejì.
Láàárọ̀, kó tó fa tirẹ̀ yọ,
ó ṣì máa ń kọ́kọ́ dojú wọn kọ ògiri.