Àkísà Ọkọ̀ Ojú Irin

Ọkọ̀ ojú irin mi kò gùn ju apá mi lọ:
ẹ́ńjìnnì kan, wágọ̀nù mẹ́rin,
agolo mílíìkì tí mo gé, tí mo tẹ́, tí mo jó pọ̀
lórí tábìlì ìdáná wa ní Èbúté-Mẹ́tta.
Mo kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé,
mo fi àwọ̀ ìyeyè dì í ní àmùrè.
Ó ń dán bíi bàtà ọmọ ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.
Ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́.

Mulikátù ará ilé wa yọjú ní fèrèsé:
"Ìbírónkẹ́, kí ló ṣe ọ́ tó o fi ń da eérú sí i lójú?
Ta ní í ra nǹkan tuntun kó fi nulẹ̀?"

Mo ní, ohun tí òjò ò pa rí, irọ́ ni.
Ṣebí àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà,
kò lè lákìísà tó àgbà.
Àkísà ọ̀hún ni mo ń rán,
fún ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo rẹ irun irin sínú fínígà di ọjọ́ kẹta,
omi rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.
Búrọ́ọ̀ṣì tó ku irun márùn-ún lẹ́nu
ni mo fi tọ́ ọ sídìí ìṣó kọ̀ọ̀kan,
kó máa ṣàn wálẹ̀ bí omijé tí ẹnikẹ́ni ò nù.
Mo lọ èédú, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́,
mo fẹ́ ẹ láti iwájú lọ sẹ́yìn,
torí èéfín kì í ṣáájú ọkọ̀.
Tíì tó ṣú ni mo fi pa páànù tẹ́ṣọ̀n láró.
Ògiri rẹ̀, omi iyọ̀ àti ẹfun díẹ̀,
nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà a máa jẹ bíríkì
bí ọmọ ṣe ń jí ẹran nínú ìkòkò:
o ò ní bá a lẹ́nu ẹ̀,
o kàn máa rí i pé ó ti dín.

Ó wù mí. Mo pe bàbá mi.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ṣówándé fi lu irin ní Lóókò.
Ojú rẹ̀ ti lọ báyìí, ìka ló fi ń ríran.
Ó gbé wágọ̀nù kan, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ìpáàrà ń wá bí òjò?
Ìpáàrà a máa wá ibi jókòó.
Ibi tí omi bá sùn sí, ibẹ̀ ló ti ń jí.
O sì jẹ́ kí ọwọ́ ilẹ̀kùn dógùn-ún!
Ọwọ́ èèyàn mélòó ló ń kan ibẹ̀ lóòjọ́?
Ibi tí wọ́n ń dì mú ní í dán.
Ibi tí a ò fọwọ́ kàn ló ń kú."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìka rẹ̀ ti dúró,
lórí wágọ̀nù kẹta.
"Irú èyí ni màmá ẹ wọ̀,
tó ní òun ń lọ sí Ọ̀fà."

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà.
Wọ́n ní ó lọ ra búrẹ́dì.

N kò bi í ní nǹkan kan.
Mo mú sáńpépà, mo ká a sí ẹnu ìṣáná,
mo rọra ha ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wágọ̀nù kẹta,
níbi tí ọwọ́ obìnrin tó gbé ẹrù lé orí
yóò ti dì í mú kó tó gòkè.
Agolo yọjú lábẹ́ ọ̀dà,
kò ju hóró ìrẹsì lọ.

"Fi kún un," ni bàbá mi wí.
Mo fi kún un.

Iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè.
Bàbá mi ò gbé orí sókè,
ó ń fi àtàǹpàkò wá ọwọ́ ilẹ̀kùn náà.