Ajere

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Mufútáù dé,
ó ti fi àkísà nu àga ẹ̀yìn nítorí Màmá Àwẹ̀ró.
Màmá wọ bùbá aláró tó ti ṣá létí ọwọ́,
ó di ẹ̀pà sínú ọ̀rá, ó ní,
"Ẹni tó ń lọ wo àná
kò gbọdọ̀ fi ebi òní lọ."

Èmi ni mo ní ká jáde.
Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń mú àlejò gun Màpó n'Ìbàdàn,
n kò mọ inú Òṣogbo
tí wọ́n sin ìwọ́ mi sí.

Tésàn rélùwéè la kọ́kọ́ yà.
Koríko ti hù mọ́ irin bí irùngbọ̀n.
Ewúrẹ́ kan sùn síbi tí èrò ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì,
kò béèrè ibi tí à ń lọ.
Màmá fi ọ̀pá tọ́ka sí sìmẹ́ńtì kan tó ti lanu:
"Ibí ni ìwọ̀n wà.
Òyìnbó tó jókòó tì í, Kò-Kíni là ń pè é,
torí kì í jẹ́ 'ẹ káàárọ̀' ẹnikẹ́ni.
Òwú ló ń wọ̀n, òwú wa.
Yóò lọ, yóò padà wá ní aṣọ.
Ohun tí wọ́n wọ̀n lọ́wọ́ wa,
òun náà ló wá wọ́n wa lówó."

Ó bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.
"Ìyá mi á ra funfun náà, á rì í sínú aró,
á tún gbé e padà sínú ọkọ̀ kan náà,
ó di Sàríà, ó di Kánò.
Kò-Kíni á máa wò ó.
Kò rí ibi tí yóò ti wọn àwọ̀."

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọmọge kan tó ń jẹ́ Ìdíàtù ló mú wa kiri.
Iná ń lọ, iná ń bọ̀.
"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."
"Ọmọ mi, ọwọ́ ló kúkú ṣe wọ́n."

Nínú dígí kẹta, ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ lu káàkiri.
Ìwé ẹsẹ̀ rẹ̀ kà báyìí:
*Ajere. Wọ́n fi ń yan ẹran.
A kò mọ ẹni tó mọ ọ́n.*
Màmá dúró títí èémí rẹ̀ fi bo dígí.

"Ta ló yan ẹran nínú èyí?
Ẹran ní ọ̀rá, ọ̀rá á dí ihò.
Eérú là ń kó sínú rẹ̀, a ó da omi lé e,
yóò máa kán, tó, tó, tó,
sínú ìkòkò ìsàlẹ̀.
Omi yẹn ló ń jí ẹ̀lú lójú oorun."
Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ dígí
bí ẹni tó fẹ́ gbe nǹkan.

Ìdíàtù wo ìwé, ó wo Màmá.
Ọ̀gá tó lè pààrọ̀ ìwé, Àbújá ló wà.
Ó yọ báírò, ó yí ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì wa padà:
"Ẹ tún un sọ, Màmá. Ẹ rọra."

A kò dé Igbó Ọ̀ṣun mọ́.
Mufútáù ní òjò ti ṣú. Màmá ní orúnkún òun ti gbọ́ ti òjò
kí Mufútáù tó rí i.
"Odò kò ní kó kúrò nílé."

Nígbà tá a délé, ó mú mi lọ sẹ́yìn balùwẹ̀,
ó fi ọ̀pá gbá páànù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ajere ni. Etí rẹ̀ ti jẹ,
ihò rẹ̀ dúdú bí ọ̀gànjọ́,
adìẹ kan sì sàba sínú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e.
Adìẹ náà wò mí bíi Kò-Kíni.
N kò fọwọ́ kàn án.