Ojú Ìwé Kẹtàdínlọ́gọ́ta

Agogo mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń bá wọn pàdé,
kí adìyẹ ìyá Fọláṣayọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀,
kí ọmọ mi tó jí, kó máa wá ìbọ̀sẹ̀ iléèwé.
Tọ́ọ̀ṣì wà lórí odó tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀.
Ìwé eléwé ọgọ́ta tí mo rà fún ọmọ náà ni mo gbà padà;
ìsọdipúpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀,
eéjì lọ́nà eéjì, eérin.
Ìfẹ́ kì í ṣírò bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ mú ní Ògìdì. Àpáta ẹ̀yìn ilé wa
ń mí bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ dìde.
Mo fi aṣọ tí ìyá mi hun kù bo ẹsẹ̀,
etí rẹ̀ kan kò parí títí dòní,
mo wá ní: Ọlọ́runnípa, ó yá, máa bọ̀.
Kò bọ̀.
Ọjọ́ kẹta rèé tó dúró lábẹ́ máńgòrò
tó dojú kọ ilé Ṣùbòmí,
ike kẹrosíìnì lọ́wọ́ rẹ̀,
tí n kò rí ọ̀rọ̀ tí màá fi sí i lẹ́nu.

Wọ́n rò pé àlá ni mo ń lá tí mo fi ń kọ ọ́.
Ẹ wò ó, olè ni mí.
Ọwọ́ Ọlọ́runnípa, ọwọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe nísàlẹ̀ ọjà ni:
gíríìsì nínú èékánná,
síbẹ̀ ó ń mú ìdè kékeré bí ẹni mú ẹyin àdàbà.
Ẹ̀rín rẹ̀, ara tísà kan ní Ìyàrá ni mo ti jí i.
Ikọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wú kó tó purọ́,
ìyẹn kì í ṣe olè. Ogún ni.
Ọkọ mi fi í sílẹ̀ nígbà tó lọ wa ọkọ̀ símẹ́ńtì,
tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹlòmíràn gbé e padà.

Àbúrò rẹ̀ ka orí kejì, ó pa ìwé dé.
"Ìyàwó wa, ta ni ọkùnrin yìí?"
Mo ní èèyàn inú ìwé ni.
"Èèyàn inú ìwé, tó mọ ibi tí ẹ ń gbé iyọ̀ sí?"

Kàbbà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo gun ọ̀kadà lọ lọ́jọ́ ọjà,
mo fi ọ̀rá dúdú wé ìwé nítorí eruku.
Dúrótolú á ní "Ọ̀kun, mà," kò ní gbójú sókè.
Epà ló ń jẹ.
Ó ti tẹ ìwé ìsìnkú, ìwé ẹ̀sùn, ìwé ìwáṣẹ́,
igba náírà ni ojú ìwé kan, ẹkún inú rẹ̀ kò kàn án.
Àfi lánàá.
Ó dé ojú ìwé kẹtàdínlọ́gọ́ta,
níbi tí Ṣùbòmí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkùnrin náà,
ìka rẹ̀ dúró. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
"Mà, ṣé yóò padà wá?"
Mo ní n kò tíì mọ̀.
"Ẹ jẹ́ kó padà wá. Kó má tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu.
Kó sáà kan ilẹ̀kùn."
Epà ló tẹjú mọ́ tó fi ń sọ ọ́.
Kò gba owó ojú ìwé yẹn.
Ẹni tí kò padà wá kan ilẹ̀kùn tirẹ̀, n kò bi í.

Ní ìdájí yìí, mo dẹ́kun wíwá ọ̀rọ̀.
Ó kan ilẹ̀kùn.
Ṣùbòmí gbọ́ ikọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ níta,
lẹ́yìn náà ni ohùn:
"Mo ní kí n kàn gbé kẹrosíìnì yìí wá ni."

Adìyẹ ti ké. Ìbọ̀sẹ̀ kan ti sọnù.
Mo fi bírò sáàárín ìwé
kí ilẹ̀kùn má baà padà tì.